Bí Káńsù Ìsàlẹ̀-Àpáta Ṣe Rán Mi Lọ Mú Ìdákẹ́jẹ́ Wálé

Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀-Àpáta, ẹ sún mọ́ra. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lápò kó jẹ ẹ́ tán báyìí, nítorí ibi tí ìtàn yìí ń lọ, kò ní rántí pé òun ní ẹnu. Ẹ wo òjìji igi ọdán yìí, ó ṣì wà nídìí gbòǹgbò. Ẹ wo òkúta funfun tí káńsù rì mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tí òjìji bá kan òkúta yẹn, ẹnu mi yóò pa dé, ìbáà jẹ́ pé ọwọ́ mi wà lọ́rùn ẹkùn nínú ìtàn lákòókò náà. Làmídì télọ̀ ló jókòó ti òkúta náà, tó gbé ìwé lé itan. Ẹ má rò pé ìtàn ló wá gbọ́. Èmi ló ń ṣọ́.

Ọdẹ́rìnlọ ni orúkọ mi. Wọ́n ń kì mí ní Akọni-tí-ẹkùn-ń-yà-fún-lọ́nà. Bí ẹ bá bi mí pé ta ló ń kì mí bẹ́ẹ̀, n ó ní kí ẹ jẹ́ ká gbọ́ nǹkan mìíràn. Òótọ́ ni pé mo pàdé ẹkùn nígbà kan. Òótọ́ ni pé ọ̀kan nínú wa yà fún èkejì. Èmi ni mo wà níhìn-ín tí mo ń sọ ọ́. Ẹkùn kò wá.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà rántí bí gbàgede yìí ti rí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n, ara ògiri gbọ̀ngàn káńsù ló ń lọ. Àwọn ọ̀dọ́ a gbé rédíò mẹ́rin kalẹ̀, wọn a yí gbogbo rẹ̀ sókè, kálukú pẹ̀lú orin tirẹ̀, bí orogún mẹ́rin nínú ilé ìdáná kan. Àwọn tó ń ta ayò a máa bú ara wọn kan baba ńlá. Ọlọ́kadà a gba àárín àwọn obìnrin tó ru omi kọjá, a sì tún bojú wẹ̀yìn fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Káńsù kò sùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ TỌ̀ SÍHÌN-ÍN. Ọjọ́ náà ni àwọn tí kò mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá mọ̀ ọ́n. Wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ mẹ́fà, wọ́n fún wọn ní fèrè. Kò pẹ́ tí a fi ń bẹ àwọn onírédíò pé kí wọ́n yí i sókè kí a má baà gbọ́ fèrè. Wọ́n kan ìṣó sórí àwọn bẹ́ńṣì kí àwọn ọ̀dọ́ má baà máa jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ rí ìṣó, wọn kò jókòó. Kánsẹ́lọ̀ tó dábàá rẹ̀ ló gbàgbé. Ariwo tó pa lọ́jọ́ náà, ẹ̀ṣọ́ fun fèrè lé e lórí.

Ìgbà náà ni Alága Àrìnpé gorí àga. Ẹ mọ̀ ọ́n, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ojú lásán ló fi ń pa ọgọ́rùn-ún ọmọ lẹ́nu mọ́. Ó gbé ìwé ńlá kan jáde, ó ní ẹni tó bá da gbàgede rú, orúkọ rẹ̀ yóò wọ ibẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ gbàgede fún ọdún méje. Ó fa ìwé náà lé Làmídì lọ́wọ́, nítorí pé fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kọjú síbí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ó ti pẹ́ jù. Ẹ bá wa mú àwọn adàlúrú yìí." Orúkọ tó kọ́kọ́ wọ ìwé ni tèmi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àṣà àwa ọdẹ ni pé ẹni tó bá pa ẹran ńlá, bí ó bá ń wọ̀lú bọ̀, yóò yin ìbọn kan sókè kí ará ilé lè mọ̀ pé ẹran ń bọ̀. Ẹran ńlá ni àṣà wí. Baba baba mi yin ìbọn fún erin. Baba mi yin ín fún ẹfọ̀n. Èmi yin ín fún òkété. Àárín gbàgede níhìn-ín ni mo ti yin ín, lójú òrùn, nígbà tí káńsù ń ṣèpàdé lọ́wọ́. Akọ̀wé wọn sá wọ abẹ́ tábìlì, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ títí kó tó jáde.

Nígbà kejì, mo di aṣọ ìyàwó àgbẹ̀ kan mú nídìí igi yìí kí n lè sọ bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọ̀nì fún un. Obìnrin náà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún pé, "Bàbá, mo gbé ọbẹ̀ kaná." Mo ní ọbẹ̀ kì í sá lọ. Lóòótọ́, kò sá lọ. Ó jóná mọ́ ìkòkò níbẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọdún méje, fún ẹni tó ti pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ẹ bá mi wò ó. Àwẹ̀ró ìyàwó mi ti lọ sọ́run. Ilé mi dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí aláǹgbá fi ń tijú láti mi orí níbẹ̀. Ibo ni kí n wá gbé ẹnu yìí lọ? Bí ẹ bá lé mi kúrò nídìí ọdán yìí, ẹ ti sin mí tán, erùpẹ̀ ló kù.

Bí mo ti ń ro èyí lọ́wọ́ ni Alága ránṣẹ́ pè mí.

"Ẹ káàsán, bàbá ọdẹ."

"Káàsán, Alága. Bí ó bá jẹ́ ti òkété yẹn ni—"

"Kì í ṣe ti òkété. Ẹ jókòó. Rárá, bàbá, kì í ṣe orí bẹ́ńṣì yẹn."

Mo dúró. Ó ní, "Wọ́n sọ pé ìlú iwin kan wà lẹ́yìn Igbó Elétí. Gbàgede wọn kò ní ẹ̀ṣọ́, kò ní ìkìlọ̀ lára ògiri, síbẹ̀ ó mọ́, ó sì tòrò. A fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo wo ìlú yìí yíká, mo ní ta ni à bá rán, bí kò ṣe akọni."

Kánsẹ́lọ̀ tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ yára gbójú sókè, ó ń wo àjà. Mo rò pé ó ń dá omijé dúró ni.

"Ọjọ́ mélòó ni kí n fi lọ, kí n fi bọ̀?"

"Ẹ má kánjú, bàbá."

"Ọ̀sẹ̀ méjì tó mi."

"Ẹ má kánjú rárá. Bó gba oṣù mẹ́fà, a ó máa retí yín. Bó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ronú wa."

Ẹ̀yin ará, ẹni tí a ń gbé ìyàwó bọ̀ wá bá kì í garùn. Èmi garùn bí àgùnfọn. A fi àdéhùn sí i: bí mo bá mú àṣírí náà wálé, wọn yóò pa orúkọ mi méjèèjì rẹ́. Bí mo bá padà lọ́wọ́ òfo lẹ́yìn gbogbo fáàrí tí mo fi da ìlú rú, ẹ̀kẹta nìyẹn, mo sì bọ́ kúrò ní gbàgede.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, mo dúró láàárín yín níhìn-ín, mo yin ìbọn kan sókè pé ó dìgbà. Làmídì ti mú bírò. Alága na ọwọ́, ó pa ìwé náà dé.

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan, Làmídì. Ìwọ gbọ́?"

"Alága, etí mi ṣì ń hó."

"Bàbá ń lọ, Làmídì. Jẹ́ kó lọ."

Báyìí ni mo ṣe wọ Igbó Elétí. Ẹ má bi mí nípa ọ̀nà. Ọ̀nà tó bá rọrùn láti júwe, ọmọdé lè rìn ín. Ẹnu ibodè igbó náà ni mo ti bá iwin tí wọ́n ń pè ní Elétí-Mẹ́rìndínlógún. Etí mẹ́jọ wà lápá ọ̀tún rẹ̀, mẹ́jọ wà lápá òsì, ó sì ki òwú bọ gbogbo wọn. Ó jókòó dí ọ̀nà, eékún rẹ̀ ga ju òrùlé lọ. Ó yọ òwú inú etí kan, ó ní, "Ẹni tó bá máa kọjá níhìn-ín, ó di dandan kó já àlọ́ mi. Ilé kan wà tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Gbogbo ayé ń da ilẹ̀ síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbá a. Kí ni?"

Ẹlòmíràn ìbá ní òun kò mọ̀ ọ́n. Èmi ní, "Ìbéèrè rẹ rọrùn, ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn, ó yẹ kó o mọ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi lóyún mi. Nígbà tí mo dé orí ọ̀nì, iwin náà ti ki òwú padà sí etí kan yẹn. Nígbà tí mo dé orí ẹkùn, ó ń wá òwú kún òwú. Nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òkété, ó dìde, ó fà sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì júwe ọ̀nà fún mi. Mo kọjá bí ọba. Mo ń sọ fún ara mi pé, "Ọdẹ́rìnlọ, o ti ṣẹ́gun rẹ̀." Àlọ́ náà, n kò já a. N kò tilẹ̀ rántí rẹ̀ mọ́.

Mo dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Olófin-Ọ̀kẹ́, nítorí òfin ọ̀kẹ́ kan ni wọ́n ní. Ara igi kọ̀ọ̀kan ni ìkìlọ̀ wà, ẹ̀yìn ìkìlọ̀ ni ìkìlọ̀ mìíràn wà. Ọ̀kan ní: ẸNI TÓ BÁ FẸ́ SÍN KÓ KỌ́KỌ́ KỌ̀WÉ. Òmíràn ní: Ẹ MÁ KA ÌKÌLỌ̀ YÌÍ SÓKÈ. Mo ti kà á sókè kí n tó kà á dé òpin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú mi. Ẹ̀sùn kejì tí wọ́n fi kàn mí ni pé òjìji mi na ara rẹ̀ wọ gbàgede wọn láìgba àṣẹ. Gbàgede náà mọ́ lóòótọ́, ẹ̀yin ará. Ewé kan kò sí níbẹ̀. Ènìyàn kan náà kò sí níbẹ̀. Kódà ẹyẹ ń yí i ká ni, wọn kì í fò gba orí rẹ̀ kọjá.

Òfin wọn ní àárín gbàgede ni kí wọ́n ti dá ẹjọ́ mi. Òfin wọn tún ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ àárín gbàgede. Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Àwọn adájọ́ tò sí etí gbàgede, wọ́n ń ṣí ìwé wò. Wọ́n ṣí i títí irùngbọ̀n wọn fi kan ilẹ̀. Mo rọra bọ́ bàtà mi sọ́wọ́, mo rìn lọ. Mo rò ó lọ́nà pé bí Alága bá rí ìlú yìí, yóò fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé bí wọ́n bá bí mi síbẹ̀, ibo ni ǹ bá ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Àfàgọ̀ kẹ́yìn àparò, ohun ojú ń wá lojú ń rí. Mo dé ìlú tí wọ́n rán mi lọ. Gbọ́tìrẹ ni orúkọ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé gbàgede wọn kún. Àwọn ọmọ iwin ń sáré kiri, àwọn àgbà ń ta ayò, àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń di ìhà mú. Síbẹ̀ ara ń tu ènìyàn níbẹ̀ bí ẹ̀yìn òjò. Ìyá arúgbó kan ń gbálẹ̀ láàárín wọn. Láti ìgbọ̀nwọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ìgbálẹ̀ ló hù níbẹ̀.

Mo ní kí n kí wọn bí akọni ti ń kí ìlú. Mo gbé ṣakabùlà mi sókè, mo yin ín.

Ẹ̀yin ará, ìró náà kò lọ sókè. Ó jábọ́ láti ẹnu ìbọn bí èso tó pọ́n jù, ó dúdú, ó rí roboto, ó yí gbirigbiri lọ sí ẹsẹ̀ ìyá náà. Àwa máa ń sọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó. Ìyá Agbálẹ̀ fi ọwọ́ òsì gbá a, ó kó o sínú igbá.

Ó ní, "Ìwọ ni Ọdẹ́rìnlọ."

Inú mi dùn. "Ìyá, òkìkí mi dé ìhín?"

"Òkìkí kọ́," ló wí. "Ariwo. Tẹ̀lé mi."

Ó mú mi wọ abà kan tó gùn ju ojú lọ. Kèrègbè ló kún inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ olóhun. Àwọn mìíràn kò ju àdó ọmọdé lọ. Ní òpin abà náà, ọ̀kan wà tó tóbi bí ìkòkò aró, wọ́n ti fi òpó mẹ́ta tì í kó má baà ya. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Tèmi kún kèrègbè, ó ń ṣàn sílẹ̀.

Ó ní, "Níhìn-ín, ẹni tó bá pariwo, a kì í bá a jà. A ní kó wá jókòó ti kèrègbè rẹ̀ kó fi etí aládùúgbò gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í wá lẹ́ẹ̀kejì."

"Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn? Kò sí oògùn? Kò sí ewé?"

"Jókòó ná."

Mo jókòó. Ó ṣí ìdérí. Ìró ìbọn ọjọ́ òkété ló kọ́kọ́ jáde, mo sì fẹ́ máa mi orí, nítorí ó dún dáadáa. Ṣùgbọ́n ohùn náà kò tán síbẹ̀ bó ṣe máa ń tán sí etí mi. Mo gbọ́ ọ bó ṣe wọ fèrèsé kan. Mo gbọ́ ọmọ kékeré tó ta jí, tó figbe ta. Mo gbọ́ ohùn Làmídì tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ó ti jí." Ìyàwó rẹ̀ kò bú mi. Ó kàn ní, "Ọjọ́ kẹta nìyí. Mo rò pé ibà náà ti gbà fún un kó sùn." Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Làmídì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí iṣẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ń kún fún oorun. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Mo ní, "Ìyá, ẹ pa á dé."

Ó ní, "Òkè lásán nìyẹn."

Èyí tó tẹ̀lé e ni ìró ẹsẹ̀. Mo ti ń sọ ọ́ fún yín láti ọdún mẹ́wàá pé bí mo bá ti yọ sí ìdí ọdán yìí, gbogbo ènìyàn a dìde fún mi. Wọ́n dìde lóòótọ́. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ bí wọ́n ti ń dìde. "Ọdẹ́rìnlọ ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ." "Gba ibí, ibí, kó má baà rí wa." Ẹnìkan tilẹ̀ ní, "Ẹ̀rín ni kó o máa rín bó bá mú ọ, má béèrè nǹkan, ìbéèrè ló ń sọ ọ́ di ọ̀la." N kò ní dárúkọ ẹni náà. Ó wà ní ìlà kejì níwájú mi yìí.

Lẹ́yìn èyí ni mo gbọ́ Alága nínú ìpàdé wọn. "A ti lo ògiri, a ti lo fèrè, a ti lo ìṣó. Ẹ jẹ́ ká rán bàbá ọdẹ níṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Bó tilẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́fà péré, ìlú yóò simi." Gbogbo kánsẹ́lọ̀ sì na ọwọ́ sókè.

Ẹ gbọ́ o. Mo rin igbó, mo bá iwin pàdé, mo bọ́ lọ́wọ́ òfin ọ̀kẹ́ kan, mo ń wá ìgbésẹ̀ tí káńsù yóò gbé. Èmi gan-an ni ìgbésẹ̀ náà. Ọjọ́ tí mo ti kúrò ní ìlú ni wọ́n ti gbé e.

Ìbínú mú mi. Mo ní n kò padà sílé mọ́. Ìyá Agbálẹ̀ tẹ kèrègbè náà sí ẹ̀gbẹ́ kí ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lè jáde, èyí tó ti pẹ́ jù níbẹ̀. Ohùn Àwẹ̀ró ni. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ fún àwọn tó ti ń ká ẹní wọn nídìí igi yìí, lẹ́yìn mi, níbi tí n kò ti rí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán síhìn-ín. Bó bá ku ẹyọ kan, èmi ni yóò sọ ọ́ fún nílé di àfẹ̀mọ́júmọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún jókòó. Mo rántí ọjọ́ náà. Mo rò pé ìtàn mi ló dá wọn dúró.

N kò mọ bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ pẹ́ tó. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo ní, "Ìyá, ẹnìkan pa àlọ́ fún mi ní ibodè. Ilé kan tó jẹ́ ti gbogbo ayé, tí gbogbo ayé ń da ilẹ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni kì í gbá."

Ó ní, "Níbo lo ti yin ìbọn rẹ nígbà tó o dé?"

"Ní gbàgede yín."

"O ti já a. Mú ìgbálẹ̀."

Oṣù kan gbáko ni mo fi gbá gbàgede àwọn iwin. Akọni tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà, ọmọ iwin ọlọ́jọ́ márùn-ún ń sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ ò gbá ibí dáadáa." Nígbà tó tán, ìyá náà gbé kèrègbè mi rù mí. Ó ní kí n gbé e lọ fún àwọn tó rán mi, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ fọhùn lọ́nà, nítorí bí mo bá fọhùn, kèrègbè yóò máa wú lórí mi ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ wo orí mi yìí dáadáa. Ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Mo pàdé ahun kan lọ́nà. Mo kàn ní kí n bi í bóyá ó mọ ẹni tí èmi jẹ́ ni. Nígbà tí mo dé ibodè, Elétí-Mẹ́rìndínlógún rí mi lókèèrè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú jáde lápò. Mo ní, "Gbàgede." Mo sì ń lọ. Ó yọ òwú gbogbo etí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ̀ lé mi fún ibùsọ̀ kan, bóyá ọ̀rọ̀ tún kù.

Ọ̀sán gangan ni mo wọ̀lú. Rédíò mẹ́rin ń ké, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń fun fèrè, ìjà ayò ti dé orí ọ̀rọ̀ baba ńlá. Alága jáde sí mi. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tó sá gbàgúdà, tó wá gbọ́ tí àrá ń sán.

"Bàbá, ẹ tètè dé."

"Oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ ni, Alága."

"Ó yá jù." Ó wo kèrègbè orí mi. "Ṣé ẹ rí nǹkan náà mú bọ̀?"

Gbogbo ìlú ti pé jọ. Ọ̀rọ̀ wá kù sí ọwọ́ mi. Bí mo bá ṣí kèrègbè, gbogbo yín ni yóò gbọ́ ẹni tí mo jẹ́. Bí n kò bá ṣí i, ọwọ́ òfo ni mo dé, ẹ̀kẹta wọ ìwé, ó dìgbà tí mo bá pé ọgọ́rin kí n tó tún rí ìdí ọdán. Ẹ má rò pé irọ́ kò sí lẹ́nu mi. Mo ti se irọ́ kan láti ọ̀nà, ó ti jinná, ewé mẹ́ta àti iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mo ti ya ẹnu láti bù ú fún yín nígbà tí Làmídì sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. N kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. N kò gbọ́ ìbọn."

Mo wò ó. Ọmọ rẹ̀ sùn lé e léjìká.

Mo sọ kèrègbè kalẹ̀, mo ṣí i.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, n kò ní tún un sọ. Ẹ gbọ́ ìbọn, ẹ gbọ́ ibà ọmọ, ẹ gbọ́ ara yín tí ẹ ń sá fún mi, ẹ sì wolẹ̀. Alága gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i tó tijú. Rédíò kan kú, èkejì kú, ẹ̀kẹta kú. Ọ̀dọ́ tó ni ẹ̀kẹrin bi mí pẹ̀lẹ́ pé, "Bàbá, ṣé tiwa náà wà lọ́hùn-ún?" Mo ní, "Ó wà. Ṣùgbọ́n kò tíì tó tèmi." Nígbà tí ohùn Àwẹ̀ró jáde, Làmídì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo gbàgede bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ẹ mọ ohun tí káńsù ṣe lẹ́yìn náà. Wọ́n pa ọ̀rọ̀ ara ògiri rẹ́, wọ́n kọ́ ilé ìtọ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gba fèrè lẹ́nu ẹ̀ṣọ́. Wọ́n yọ ìṣó kúrò lórí bẹ́ńṣì, àfi ẹyọ kan tó ń dúró de kánsẹ́lọ̀ yẹn. Wọ́n sì ṣòfin pé ẹni tó bá da gbàgede rú, kó lọ jókòó fún ọ̀sán kan nínú ilé ẹni tó fẹjọ́ sùn, kó gbọ́ gbàgede láti ibẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọ̀sán méjì ni mo lò ní ṣọ́ọ̀bù Làmídì, mo ń bá a fi okùn bọ abẹ́rẹ́, mo ń gbọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ayò, ẹ dín ohùn kù.

Alága mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ. Ó ṣí ìwé, ó ní, "Làmídì, pa orúkọ bàbá rẹ́ níbi méjèèjì." Mo di ọwọ́ Làmídì mú. Mo ní, "Fi í sílẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo láyé tí orúkọ mi wà nìyí." Alága ní kó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n ri òkúta funfun kan mọ́lẹ̀, kí n máa sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án títí òjìji yóò fi kàn án, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta.

Ó wá ku ibi tó dùn jù, ẹ̀yin ará. N kò tíì sọ fún yín bí ahun yẹn ṣe dá mi lóhùn, àti ohun tó yọ lẹ́yìn rẹ̀ nínú igbó, tó lójú mẹ́fà, tó pe orúkọ mi pe ti baba mi, tí mo sì fi ọwọ́ lásán dì í—

Làmídì. Làmídì, gbójú kúrò lẹ́nu mi, kó o wo ilẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ kọ́ nìyẹn.

Òjìji ti kan òkúta.

Rárá, ẹ má bẹ̀ mí. Ẹni tó bẹ̀ yín nígbà kan pé kí ẹ jókòó dè mí, kò sí níhìn-ín mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ jókòó lónìí, ìyẹn tó mi. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.